Ọjọ́ Tí Mo Fi Kẹ̀kẹ́ Gbé Àlejò Wọ Ayọ̀bọ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó parẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi látìgbà náà, mo sì ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣáà ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi báyìí, ojú á tún tì mí, bí ẹni pé gbogbo àwọn tó rí mi lọ́jọ́ náà ṣì dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń wò mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni. Mo ti fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ débi pé akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti mọ orúkọ mi, síbẹ̀ iṣẹ́ ò yọjú. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ní kí n máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun ní Ayọ̀bọ̀. Mátíróònù ni Àǹtí nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ yẹn náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Oko ló pọ̀ jù ní Ayọ̀bọ̀ nígbà náà: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀pẹ, ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ta ààyè kan fún Àǹtí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ńlá mẹ́ta, ó sì kọ́ ilé síbẹ̀, ó ya yàrá mẹ́rin sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ wá sinmi kúrò nínú ariwo Èkó. Bíríkì alámọ̀ ló fi kọ́ ọ, inú rẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan, ẹyẹ ló sì ń jí èèyàn láàárọ̀. Ilé náà rẹwà. Àlejò nìkan ni kò ní.

Èmi ni mo wá gbé ìmọ̀ dé. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àyíká ni mo kà ní yunifásítì, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ọmọ aráyé ń ba ayé jẹ́, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ tó tèmi. Mo jókòó, mo kọ òfin mẹ́sàn-án fún ilé Àǹtí. A ò ní lo jẹnẹrétọ̀. A ò ní lo ọ̀rá. Ewé la ó máa fi pọ́n oúnjẹ. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn làwọn àlejò máa fi wẹ̀. Omi òjò la ó máa gbà sílẹ̀ fún aṣọ fífọ̀. Ìdọ̀tí ilé ìdáná á máa lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo dìde dúró, mo kà á fún Àǹtí pẹ̀lú irú ohùn tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùkọ́ mi.

"Ṣé ó tán?" Àǹtí bi mí.

"Ó ku mẹ́ta, mà."

"Gbogbo ohun tó o kà yìí, ìyá mi ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ọdún mélòó lo lò ní yunifásítì yẹn?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ọdún mẹ́rin!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Kí n má purọ́, ó dùn mí. Kì í ṣe pé mo bínú sí i o. Inú mi dùn pé ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún dùn mí pé èmi ló ń rín. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi fún un. Ó ní kí n lọ bu omi.

Òfin kẹsàn-án ló kó bá mi. Mo kọ ọ́ pé a ò ní jẹ́ kí mọ́tò kankan wọ ọgbà, nítorí èéfín. Kẹ̀kẹ́ ológeere la ó máa fi lọ gbé àlejò ní Gowon Estate. Epo bẹntiróòlù wọ́n gógó lásìkò yẹn, nítorí náà Àǹtí ò bá mi jiyàn lórí èyí.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà kan dé. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣe olùkọ́ rí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Olùkọ́, ló kọ ọ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ń wá ibi tó dákẹ́ tí wọ́n á ti máa lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lóṣooṣù. Òun fẹ́ kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ fúnra òun. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á máa kó wọn bọ̀.

Àǹtí ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. "Gbọ́," ó sọ fún mi, "ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ ìlọta yẹn tún wá lánàá. Ó ní òun máa gba yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun gbé ẹ̀rọ sí iwájú. Bí obìnrin yìí ò bá gbà, màá gbé e fún un. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo wo igi àgbálùmọ̀, mo ro bí ẹ̀rọ ìlọta á ṣe máa dún lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí èéfín dísù á máa bo ewé rẹ̀. Mo tún rò ó pé èmi náà ò ní ríbi sùn mọ́. Mi ò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo tiraka láti jẹ́ kó jẹ́ ti igi.

Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Múfú, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ni mo ti yá kẹ̀kẹ́. "Bíréèkì apá òsì ò ṣiṣẹ́ o," ó sọ fún mi. "Tọ̀tún yẹn, ọjọ́ tó bá wù ú ni." Ó gbé okùn ọ̀rá kan fún mi pé kí n fi di ẹrù àlejò. Mo kọ̀ ọ́. Mo ti fi èèpo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ hun okùn tèmi fún ọjọ́ méjì. Bọ̀dá Múfú fà á wò díẹ̀, ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin. "Ìwọ akàwé yìí ṣá," ló wí.

Nígbà tí mo dé Gowon Estate, Màmá Olùkọ́ ti dúró síbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, orí rẹ̀ funfun, ó fi jígí sójú, agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpótí onírin kékeré kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọ Mátíróònù?"

Mo ti wà nílẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà."

"Mọ́tò dà?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, mà. A kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mà."

"Mo kà á," ó wí, ó sì wo kẹ̀kẹ́ náà láti òkè délẹ̀. "Àpárá ni mo pè é."

Mo ti di ìrọ̀rí mọ́ kẹ́ríà ẹ̀yìn fún ìjókòó rẹ̀. Mo so àpótí mọ́ iwájú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, a sì gbéra. Kí n sọ òtítọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Atẹ́gùn fẹ́ sí wa. A kọjá Ìpájà, ọ̀nà di pupa, oko bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, Màmá sì ní, "Hẹn, hẹn. Afẹ́fẹ́ ibí dára o." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá kan níwájú, ọkọ́ léjìká, tó ń tọ̀ wá bọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ayọ̀bọ̀ ni Àǹtí ti fà mí létí: "Bó o bá ń gun kẹ̀kẹ́ tó o sì rí àgbàlagbà, sọ̀ kalẹ̀ kó o kí i dáadáa. Àwọn ló ni ilẹ̀ tí à ń gbé. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ Mátíróònù ń ré wọn kọjá bí ẹni tí wọn ò kọ́." Mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Tí wọ́n bá kọ́ mi ní nǹkan, mo máa ń mú un sọ́kàn jù, àìsàn mi nìyẹn.

Nítorí náà, mo fò sọ̀ kalẹ̀. Mo gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ tí èèyàn méjì wà lórí rẹ̀ kì í dúró fúnra rẹ̀. Màmá Olùkọ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, agbòjò rẹ̀ fò lọ sínú koto, èmi sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, bàbá! Ẹ kú iṣẹ́!"

"Há à, ó tó, ó tó, dìde," bàbá wí. "Máa lọ, máa gbé ìyá lọ." Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló ń hù. Mo tún fi kún un, mo bèèrè ìyàwó, mo bèèrè àwọn ọmọ, mo bèèrè oko.

A tún gun kẹ̀kẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ yọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo rọra dúró, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mà." Mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi, mo dọ̀bálẹ̀. "Ó tó, ó tó," ìyá náà wí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá ẹlẹ́mu kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá arúgbó tó kàn jókòó síwájú ilé rẹ̀, tí kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wa.

"Ọmọ mi," Màmá Olùkọ́ sọ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, "ṣé mò ń gun kẹ̀kẹ́ yìí ni àbí mò ń bá a rìn? Ṣé o ò lè kí wọn látorí rẹ̀ ni?"

Ìdààmú wá bá mi. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, inú Màmá ò ní dùn, ẹ̀rọ ìlọta ń bọ̀ nìyẹn. Bí mi ò bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní Mátíróònù ò kọ́ ọmọ rẹ̀. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá, ó kéré tán mo pè é ní ọgbọ́n. Bí bàbá tó tẹ̀ lé e ṣe yọ, mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo yọ ọwọ́ kan, mo sì fi gbogbo àyà tẹ̀ síwájú láti tẹrí ba. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà bá mi tẹrí ba. A yà kúrò lójú ọ̀nà, a gun poro kan, a gun èkejì, ewé ẹ̀gẹ́ ń nà mí lójú pàì pàì, títí kẹ̀kẹ́ fi dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín oko.

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá!" mo ké látinú ẹ̀gẹ́.

"Ọmọ Mátíróònù," bàbá dáhùn lójú ọ̀nà, "kí ló ń ṣe ẹ́ ná?"

Kò sí ohun tó ṣe Màmá. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ló já sí mẹ́ta. Àpótí bọ́ sílẹ̀, ó ṣí, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì tú síta: agolo oògùn ẹ̀fọn ńlá méjì, sadíìnì, ọṣẹ olóòórùn mẹ́rin, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, àti òkìtì ọ̀rá tó ká mọ́ra wọn. Èmi ń wo ọ̀rá. Màmá ń wò mí.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ó bi mí. "Ẹ kọ lẹ́tà pé ọṣẹ dúdú ni màá fi wẹ̀. Ọ̀nà tí ìyá mi gbà fi kànìnkànìn họ mí lára ní kékeré, mi ò tíì dárí jì í dòní." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan rẹ̀. "Má sọ fún Mátíróònù o."

"Mi ò ní sọ, mà." Mo bá a ṣà á. Nítorí pé ọkàn mi rọ̀ sí i, mo fi kún un pé, "Èmi náà ní agolo oògùn ẹ̀fọn kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mà."

"Oríṣi wo?"

"Pupa, mà."

Ó mi orí bí ẹni tó mọyì rẹ̀. Mo rò pé a ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ká ní a dúró níbẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá parí síre.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe kù díẹ̀ ká dé, mo wò ọ̀ọ́kán, mo sì rí èrò níwájú. Ọjọ́ ìpàdé àwọn ẹbí onílẹ̀ ni. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn bàbá bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì jókòó lé e lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo rò ó pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn, ta ni mo kọ orí sí, ta ni mo kọ ẹsẹ̀ sí? Mo tún rántí ojú tí Màmá fi wò mí lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo yà sí ọ̀nà odò.

"Ṣé ibí ni?" Màmá bèèrè.

"Ọ̀nà àbùjá ni, mà. Igi pọ̀ níbẹ̀."

Òtítọ́ ni, igi pọ̀. Ọ̀nà náà tún dagẹ̀rẹ̀. Mo fa bíréèkì ọ̀tún. Ọjọ́ tó wù ú kọ́ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ń sáré, àpótí tí mo gbé lé itan ń fò, Màmá Olùkọ́ gbá mi mú láyà, ó ń pe Jésù, èmi ń tẹ agogo nítorí pé òun nìkan ló ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò, Ìyá Sàlíù, tó ń ṣe fùfú fún gbogbo àdúgbò, ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú agbada ńlá ńlá. Ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀gẹ́ náà ti wà nínú omi nìyẹn. Ẹni tó bá ti kọjá létí fùfú rí mọ̀ bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kẹrin.

Èmi dé ìgbáròkó nínú agbada kan. Màmá jókòó sínú èkejì, jígí rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyá Sàlíù dúró tì wá, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò ní lè ṣàlàyé fún Ọlọ́run. Mo dìde nínú omi ẹ̀gẹ́, mo bọ́ síta, mo sì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Sàlíù kí n tó yíjú sí àlejò mi.

"Ṣé orí ẹ pé?" Ìyá Sàlíù pariwo. "Fa ìyá dìde nínú ẹ̀gẹ́ mi!"

Ó bu omi odò fún Màmá, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yá a ní ìró. Màmá ń fún omi ẹ̀gẹ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọta kedere. Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí kí n tó yà, bó ṣe rí nígbà tí mo yà, àti bó ṣe rí báyìí, títí Ìyá Sàlíù fi ní kí n ṣe sùúrù, kí n jẹ́ kí ìyá sinmi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kúrò létí odò náà sí ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn bàbá ló sì gbà.

Gbogbo wọn ti yíjú sọ́dọ̀ wa ká tó gòkè dé. Òórùn wa ló ṣáájú. Olórí ẹbí, bàbá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ọmọ Mátíróònù, a rí ẹ bó o ṣe yà. Kí la ṣe fún ẹ tó o fi ń sá fún wa?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ Àǹtí, bàbá ọlọ́kọ́, bàbá ẹlẹ́mu, poro ẹ̀gẹ́.

"Ó wá jẹ́ pé o ń sọ àlejò kalẹ̀ kó o lè kí wa?" bàbá bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Bó o bá ru igi ìdáná lórí, ṣé o máa sọ igi kalẹ̀ kó o tó kí wa? Ẹnu lo máa fi kí wa, àwa á ní o kú ẹrù. Àlejò ńkọ́? Òun ló yẹ kó o máa tọ́jú! Ṣé wọn ò sọ fún ẹ pé ó tó?"

"Wọ́n sọ ọ́, bàbá. Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń hù sí mi."

Ẹ̀rín bú lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá kan rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú. Mo gbé ojú sókè díẹ̀ wo Màmá Olùkọ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yọ bàtà rẹ̀. Ó gbé e fún mi, ó ká ìró Ìyá Sàlíù sókè, ó dì í mọ́dìí, ó sì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé lábúlé," ó wí. "Gbé àpótí mi. Ọ̀nà ilé dà?"

Ó gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó gùn ún dáadáa. Àwọn bàbá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, "Ìyá o! Ìyá àgbà o!" Màmá tẹ agogo fún wọn. Èmi gbé àpótí sórí, mo kó bàtà dání, mo ń sáré tẹ̀ lé e, bí mo sì ti ń kọjá bẹ́ǹṣì ni gbogbo wọn pa ohùn pọ̀: "O kú ẹrù o!"

Àǹtí ti wọ aṣọ tó dára jù, ó dúró lẹ́nu géètì. Ó rí àlejò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, láìwọ bàtà, tó ń rùn bíi fùfú. Ó rí mi lẹ́yìn. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn kúnlẹ̀ pé, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì wò mí pé ká pàdé ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá lò. Mi ò sún mọ́ ọn. Mò ń gbọ́ ohùn òun àti Àǹtí lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́, mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹ̀rín á wà níbẹ̀, kí n lè fi díwọ̀n ọjọ́ ọ̀la mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó pè mí.

"A ó máa bọ̀," ó wí. "Ilé yìí dára. Àwọn èèyàn ibí dára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la ó máa fi rìn láti Ìpájà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé kẹ̀kẹ́ wá pàdé wa. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí."

Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Àǹtí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí ìró nu ojú, kò sì jẹ́ kí n rí i. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́jọ fẹsẹ̀ rìn wọ Ayọ̀bọ̀. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, wọ́n ń dúró ra àgbàdo, wọ́n ń bi àwọn àgbẹ̀ lórúkọ ewé. Odindi wákàtí ni wọ́n fi pẹ́ lọ́nà, kò sì sí èyí tó ráhùn nínú wọn. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ ìlọta wá ibòmíràn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé mo ro ti igi, mo ro ti èéfín, mo ro ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ bàbá ọlọ́kọ́ yẹn ì bá ti gbà mí. Mo ti wá ń béèrè nǹkan báyìí. Mò ń béèrè débi tó ń sú àwọn èèyàn. Bí mo bá sì ń sọ ìtàn yìí fún wọn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kíákíá, kó tó di pé ẹlòmíràn rín mi.